Abọ́ Omi Àlejò

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi fara balẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán mi wúwo, mi ò lè dá a gbé.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni, mo wà nínú ààwẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹní Mojísọ́lá, ọmọ mi tí a sin nígbà àgbàdo tó kọjá, mo gba àdúrà kan ṣoṣo: Olúwa, jẹ́ kí n fojú kàn án. Orí ẹní yẹn ni oorun ti gbé mi lọ.

Obìnrin kan tó wọ funfun, tó gbé akèrègbè lọ́wọ́, ní kí n dìde. A rìn títí a fi dé ibi tí ilẹ̀ ti ń hó. Ẹni tí mo kọ́kọ́ dá mọ̀ ni Láṣebíkan, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ bàbà lókè odò wa, ẹni tó máa ń ṣí páìpù ìdọ̀tí sódò bí òjò bá ti ṣú. Ètè rẹ̀ ti bó. Ó ń tọrọ omi, wọ́n sì ń bu omi odò wa fún un, èyí tó ti ní àwọ̀ ewé, tó ń ta ahọ́n. Ó ń kọ̀ ọ́. Àwọn tó ń bù ú ń rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ẹ mu ún, ẹ má bẹ̀rù." Bó bá mu ún, ikùn rẹ̀ á bẹ́, á tún padà dì, wọ́n á tún bu òmíràn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Tìmótíù akọ̀wé rẹ̀ wà, tó máa ń kọ ìwọ̀n èéfín sínú ìwé láìdìde lórí àga. Wọ́n fún un ní rúlà, wọ́n ní kó wọn èéfín iná náà. Bó ti nà án báyìí, èéfín á wọ̀ ọ́ lójú, ojú á yọ́, á tún hù, ó ń ké, ó ń wọ̀n, ó ń ké, ó ń wọ̀n, kò sì tíì dé ení.

Inú mi dùn, ẹ̀yin ará, mi ò ní purọ́. Mo ní kí wọ́n fi kún un.

Ìgbà náà ni mo rí àpótí ìjókòó kan tó ṣófo, abọ́ tánganran mi sì wà lórí rẹ̀, èyí tí etí rẹ̀ ti bó. Mo bi obìnrin náà pé ta ni wọ́n ń fi í dè.

"Ìwọ ni," ló wí. "Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wọn ìdọ̀tí inú omi dé, omi wo lo bù fún wọn?"

Ẹ mọ̀ pé nílùú wa, a kì í bu omi odò fún àlejò. Omi ìsun orí àpáta là ń bù. Wọ́n ní kí n bu omi tí à ń mu wá, ojú tì mí, mo gun àpáta lọ. Wọ́n wọn ìyẹn, wọ́n ní ó mọ́ gaara, wọ́n ní Láṣebíkan ò nílò kòtò kankan tí yóò máa da ìdọ̀tí rẹ̀ sí. Mojísọ́lá mu ti odò títí ó fi kú.

Mo sunkún títí obìnrin náà fi mú mi dé òdìkejì. Omi ibẹ̀ mọ́ débi pé mò ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá Dọ̀tun tó kú lọ́dún méjì sẹ́yìn ń ṣan ẹsẹ̀ níbẹ̀. Mojísọ́lá rí mi. Kò sáré. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé igbá omi fún mi, bí a ti ń gbé e fún ẹni tí a ò mọ̀ rí.

"Ẹ kú àbọ̀, bàbá. Omi àlejò rèé. Ẹ ò ní pẹ́ níbí."

Kí n tó fẹnu kàn án ni mo jí.

Ẹ̀yin ará, àwọn tó ń wọn omi ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo gbọ́ pé Ìyá Ìjọ ti ní kí wọ́n fọ ìkòkò omi ìsun sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹ dojú ìkòkò náà dé. Ẹnu páìpù Láṣebíkan ni kẹ́ ẹ ti bu omi wọn, abọ́ mi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà yìí. Ẹni tó bá tún gun àpáta, kó rántí pé àpótí ọ̀hún fẹ̀. Ó gbà ju ẹnì kan lọ.