Ìdérí Tí N Kò Fi Sẹ́nu

Ọ̀nà tí ẹ ń gbà gbé ọkọ̀ yín dé etí odò lónìí, ìjà ni a fi gbà á. Onílẹ̀ ti fi irin dí i. Ó ní odò lè jẹ́ ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n koríko tí a ó tẹ̀ kọjá kí a tó dé ibẹ̀, tòun ni. Mo ka òfin ilẹ̀ títí ojú mi fi ń ṣú, mo tọ ìgbìmọ̀ ìlú lọ títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn fi ń pè mí ní àǹtí. Nígbẹ̀yìn, onílẹ̀ gbà, ó ní lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wa bá hùwà àìbìkítà, òun yóò tún tì í. Ẹ yìn mí nítorí iṣẹ́ yẹn, ẹ kò sì tíì dákẹ́. Ìyìn náà ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú bá mi.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ yóò rántí Bàbá Ọkọ̀, ẹni tí ń tọ́jú àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ wa àti ẹ̀wù amúniléfòó. Ìdí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ihò tí a fi ń da omi inú rẹ̀ nù, ìdérí rọ́bà kékeré ni a sì fi ń dí i. Òfin Bàbá Ọkọ̀ ni pé ẹni tó bá yọ ìdérí, kí ó fi sẹ́nu, kí ó fi eyín dì í mú títí yóò fi dá a padà. "Ẹni tí rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀ kò lè rojọ́," ni ó máa ń wí, "ẹni tí kò bá rojọ́ kì í gbàgbé." Gbogbo wa a máa rẹ́rìn-ín, gbogbo wa a sì máa ṣe é, àfi èmi. Èmi tí mo kàwé tó bẹ́ẹ̀, kí n máa jẹ rọ́bà bí ọmọ tí ń hu eyín?

Lọ́jọ́ tí a ṣí ọ̀nà náà, èmi ni mo kọ́kọ́ wa ọkọ̀ pupa. Mo gúnlẹ̀, mo da omi rẹ̀ nù. Bàbá Ọkọ̀ pariwo láti òkè: "Màdáámù, ẹnu yín dà o?"

"Ẹ jọ̀ọ́, àlejò wà níbí."

Mo ju ìdérí sínú àpò, mo lọ bá àwọn àlejò ya fọ́tò. Nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀dọ́mọbìnrin aláwàdà, gbé ọkọ̀ náà sódò. "Àǹtí, ṣé ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa nínú odò yìí?" Ibi tí omi ti ń sáré láàrin àpáta ni ìdí ọkọ̀ ti rì. Ọkọ̀ dojú dé, òkúta fọ́ èjìká nọ́ọ̀sì náà. A fà á jáde láàyè, ṣùgbọ́n apá yẹn kò gbé àjẹ̀ mọ́.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò láti wá aṣọ tí n ó fi nu ojú rẹ̀, ìdérí ni mo bá. Mo sọ fún ara mi pé bí ẹni tó gba ọ̀nà bá jẹ́ ẹni tó ṣe àìbìkítà, ọ̀nà tì nìyẹn. Àwáwí lásán! Ojú ayé ni mo ń rò. Nígbà tí gbogbo ènìyàn yí nọ́ọ̀sì ká, mo lọ gbé ìdérí náà sórí tábìlì iṣẹ́ Bàbá Ọkọ̀. Èyí tó burú jù ṣì wà níwájú. Nínú ìpàdé, ó bi mí wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Màdáámù, ṣé ẹ dá ìdérí yẹn padà?" Mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, "Mo gbé e lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ gbàgbé." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́. "Bí ẹ̀yin bá sọ bẹ́ẹ̀, mà, bẹ́ẹ̀ náà ni." Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Láìpẹ́ yìí ni mo pàdé rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ó dìde, ó fún mi ní àga. "Ọ̀nà odò ńkọ́, mà? Wọn ò tì í?" Mo ní wọn ò tì í. Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́ látìgbà náà. Orí tó gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ta ló tún lè fọkàn tán an?"

Ó gba irọ́ mi gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ.

Bàbá Ọkọ̀ kò gbàgbé ohunkóhun. Mo jẹ ẹ́ ní ọ̀rọ̀ yìí, lójúkojú, níwájú nọ́ọ̀sì àti níwájú gbogbo yín. Mo jẹ onílẹ̀ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ yìí, ìbáà tún ti ọ̀nà náà.