Àtẹ̀gùn Tí Mo Ti Rí Àwọn Olórí Iṣẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ fetí sí mi. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni, ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ mi. Mo gbàdúrà tán lórí ẹní, oorun gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Dìde, wá wo ibi tí iṣẹ́ rẹ ń gbé ọ lọ."

Ẹ mọ̀ pé èmi ni olórí àwọn agbálẹ̀ ilé ìwòsàn. Ṣadé, ọ̀kan nínú wọn, máa ń pẹ́ dé, bí mo bá sì bá a wí, á fún mi lésì. Mi ò bi í rí pé kí ló ń ṣe é. Mo ní n óò tẹ orí rẹ̀ ba ni. Òun nìkan ni mo ní kó máa ru omi gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo sì ń bú u lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ṣubú, kò sì dìde mọ́. Níbi ìsìnkú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ó ní ìyá tó rọ lẹ́sẹ̀, tó máa ń wẹ̀ fún kó tó wá síbi iṣẹ́. Ìyá náà ò lò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkùnrin náà mú mi kọjá níbi tí àwọn òpùrọ́ ti ń jẹ ahọ́n ara wọn. A dé ibi àtẹ̀gùn kan tí kò lópin. Mo rí àwọn ọ̀gá, wọ́n ru garawa omi gbígbóná, wọ́n ń gòkè, omi ń dà sí wọn lára, awọ wọn ń bó, wọn ò lè sọ̀ ọ́, wọn ò lè dúró.

Mo ní, "Ta ni wọ̀nyí?"

Ó ní, "Àwọn tí a fi èèyàn sí níkàáwọ́ ni. Ẹni tó bá ṣòroó darí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fọ́."

Ó fi ọgbà kan hàn mí lókèèrè. Ṣadé jókòó níbẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Mo pè é pé, "Ṣadé, jọ̀ọ́, dárí jì mí." Kò bojú wẹ̀yìn.

Mo bẹ ọkùnrin náà pé, "Bàbá, ẹ bá mi pè é."

"Kò lè gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Nígbà tó ń gbọ́ ọ, èébú lo fi ń pè é."

Mo jí, omijé ti rin ẹní. Lọ́jọ́ kejì, Rábì, ẹni tó lágídí jù nínú àwọn tó kù, pẹ́ dé. Mo fa àga fún un, mo rọra bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà nilé?"

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ kúkú bú mi. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ̀rù ń bà mí."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fún mi lésì mọ́ nínú wọn. Ohun tí mo sì ń wá tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣe wọ́n lónìí, nígbà tí wọ́n ṣì ń bá yín jà. Ní tèmi, mo ṣì ń gbàdúrà. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan ń gbọ́.