Ẹni Tí Màmá Fẹjọ́ Mi Sùn

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Wọn ò tíì dá ọjọ́. Láràárọ̀, bí kọ́kọ́rọ́ bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo àwa tí a wà níbí la máa ń panu mọ́, títí a ó fi rí i pé ẹ̀wà ni wọ́n gbé wá. Mo jẹ̀bi. N kò kọ̀wé yìí kí ẹnikẹ́ni lè bá mi bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin. Màmá ni mo ń pè wọ́n. Wọn ò bímọ, ọkọ wọn sì ti kú, nítorí náà èmi lọmọ, èmi náà ni gbogbo ẹbí.

Àdúrà Màmá yàtọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, "ìwọ" ni gbogbo ènìyàn ń pe Ọlọ́run. Màmá á kúnlẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá òjò yìí dúró, mo sá láfún síta." Bí wọ́n bá sì ń ròyìn Ọlọ́run fún ẹlòmíràn, "wọ́n" ni: wọ́n ti gbọ́, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Ìyàwó pásítọ̀ bá wọn sọ ọ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run.

"Ẹyọ kan náà ni bàbá tó bí ẹ," Màmá dáhùn. "Ṣé o máa ń pè é ní ìwọ?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Màmá ò bínú. Wọ́n ní Olúwa ló ní ká wá bí ọmọdé, báyìí sì ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé.

Pákó ni wọ́n fi la àárín yàrá mi àti tiwọn, kò sí àdúrà tí n kì í gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń bi Ọlọ́run bóyá kí àwọn gbà kí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún àwọn, pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Mo jáde, mo fajú ro bíi wòlíì.

"Màmá, mo lálàá. Wọ́n ní kí ẹ lọ ṣe ojú yín, ẹ má bẹ̀rù."

Màmá bú sẹ́kún, nítorí wọn ò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ, ojú sì là. Irọ́ náà so èso rere, òun gan-an ló bà mí jẹ́. Láti ọjọ́ náà mo di aríran nínú ilé. Ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀ di tèmi.

Ilẹ̀ kan wà ní Ìjàgun tí ọkọ Màmá fi sílẹ̀. Màmá fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ilé ìjọsìn àwọn ọmọdé síbẹ̀. Èmi mọ̀ pé ilẹ̀ tó bá sún mọ́ yunifásítì kì í pẹ́ tà. Mo tún lálàá. Mo ní wọ́n ní kí Màmá fi ilẹ̀ náà sí orúkọ mi, kí n lè bójú tó ìkọ́lé náà. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi tẹ ìka síwèé. Mo tà á.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Màmá lọ kí aláìsàn kan ní Ìjàgun, wọ́n sì rí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dìde lórí ilẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Ẹni tó gbé wọn lọ ló sọ fún mi pé wọ́n ti rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí wọ́n ń bá Alájà, ọ̀rẹ́ wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Alájà, mo ti fẹjọ́ ẹ̀ sùn wọ́n. Gbogbo ẹ̀ ni mo sọ. Wọ́n ní kí n má dá sí i mọ́, ó ti di ọwọ́ àwọn. Tó bá dọ̀la, wàá gbọ́."

Láti kékeré ni mo ti mọ ẹni tí Màmá ń pè ní wọ́n. Ṣùgbọ́n ara ti ń fu mí. Ọlọ́pàá ni mo gbọ́. Mo rò pé bí ẹni tó fẹjọ́ sùn bá ti kú, kò ní sí ẹjọ́ mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, mo po ògì fún Màmá, mo sì bu oògùn eku sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé nǹkan jíjẹ fún wọn kẹ́yìn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, wọ́n di ojú.

"Bàbá, ẹ ṣé. Ẹjọ́ ọmọ mi tí mo fi sùn yín, ẹ ti bá mi dá a. Ẹ wò ó, òun ló gbé oúnjẹ fún mi láàárọ̀ yìí. Ẹ má bínú sí i mọ́."

Ìgbà náà ló yé mi. Ife ò tíì dé ẹnu wọn. Tí mo bá na ọwọ́, mo máa gbá a dànù. Ṣùgbọ́n wọ́n máa bi mí pé kí ló dé, kí ni mo sì fẹ́ sọ? Ojú tì mí. Torí ìtìjú ni mo ṣe dúró tí mo ń wò wọ́n. Wọ́n mu ún tán, wọ́n ní ṣúgà rẹ̀ ṣe déédéé.

Alájà ló sọ ní kóòtù pé Màmá ti fi ilẹ̀ náà jì mí, pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi.

Pásítọ̀ kan máa ń wá wò wá. Ó ní kí n wá sọ́dọ̀ Ọlọ́run bí ọmọdé.

"Ọmọ tó pa ìyá rẹ̀ nínú ilé," mo bi í, "bàbá wo ló máa sá tọ̀ lọ?"

"Bàbá yẹn náà ni."

Mo gbà pé òótọ́ ló ń sọ. Mo ti kúnlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu mi kò ṣí. Ẹ̀rù ń bà mí láti pe ẹni tí mo ti ń purọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run purọ́, kódà bí irọ́ náà bá máa ṣe ẹnìkan lóore. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ dìde lónìí, ẹ lọ bá ẹni tí ẹ ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo lé yín lórí, kí wọ́n lé yín jáde nílé pàápàá. Ìbáwí ọjọ́ kan ni mo sá fún. Ẹni tí ì bá bá mi wí ti kú, èmi ni mo pa wọ́n.