Oríkì Ilé Onílé Ni Mo Fi Di Ọ̀jọ̀gbọ́n

Mi ò lè jókòó. Láti ọ̀sán ni mo ti ń rìn láti yàrá sí pálọ̀ nínú ilé mi n'Ìkìrun yìí, ìyàwó mi sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ni mò ń wá. Ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ sí Òṣogbo ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkàn mi. Dókítà ní kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi ti rin ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì fẹ́ kí òtítọ́ bá a lónìí kí ọkọ̀ yẹn tó dé. Èmi Gbádébọ̀ tí ẹ ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, olè ni mí.

Ewì àwọn ará Jámánì ni mo fi ayé mi kọ́ni ní yunifásítì, pàápàá àwọn tí wọ́n kọ lẹ́yìn ogun ńlá. Lọ́jọ́ kan mo gbé ọ̀kan síwájú kíláàsì. Ọkùnrin kan ló ń bá ìyá rẹ̀ tí ogun gbé lọ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Á dárúkọ yìnyín, á bọ́ sórí ilẹ̀kùn, á tún bọ́ sórí búrẹ́dì, kò sì parí gbólóhùn kankan. Mo bi wọ́n pé kí ni kókó ewì náà. Gbogbo wọn ní àìnírètí ni, nítorí ohun tí mo ti kọ́ wọn nìyẹn. Ó ku Àyànfẹ́, ọmọbìnrin kan láti Inísà tó máa ń jókòó sẹ́yìn.

"Sà, mi ò rò pé àìnírètí ni," ó ní. "Ó ń ki ìyá ẹ̀ ni. Bí ìyá mi àgbà ṣe máa ń ki òkú l'Ókukù nìyẹn. Wọn kì í parí ọ̀kan kí wọ́n tó bọ́ sí òmíì, torí wọn ò sọ ìtàn fún ẹnikẹ́ni. Òkú ni wọ́n ń pè kó yíjú padà."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ewì yẹn, mi ò gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn gbọ́ nínú rẹ̀ rí.

Ó kọ ọ́ ní àròkọ gígùn wá fún mi. Oríkì ilé ìyá rẹ̀ àgbà ló fi ṣe àpẹẹrẹ: "Ọmọ a-ṣílẹ̀kùn-sílẹ̀-sùn-lọ́dún-ogun, ọmọ a-bu-oúnjẹ-sílẹ̀-de-ẹni-tí-ò-ní-í-dé." Mo kà á tán láìdìde. Mo wá pè é, mo ní, "Pàǹtí lo kó jọ. Kí ló kan Òkukù kan Jámánì? Lọ kọ òmíràn." Ó dúpẹ́, ó sì lọ kọ òmíràn. Kí ọdún tó yí po, èyí tí mo pè ní pàǹtí ti jáde nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé lókè òkun, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn olóòtú béèrè ẹni tó ni oríkì inú rẹ̀, mo ní oríkì ilé ìyá tó bí mi ni. Ọmọ Èkó-Èǹdé ni ìyá mi. Àwọn kan ń jí ewúrẹ́. Èmi jí baba ńlá ẹlòmíràn.

Nígbà tí Àyànfẹ́ rí ìwé náà, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi Ọláníyan wà níbẹ̀. Àyànfẹ́ ní, "Sà, ẹ máa mú àròkọ yẹn lọ, mi ò bá yín jà. Ẹ ṣáà bá mi yọ oríkì ilé wa kúrò lábẹ́ orúkọ yín. Ìyá mi àgbà ṣì wà láyé." Ká ní mo yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ìtìjú díẹ̀ ni ì bá kàn mí. Àmọ́ bó ṣe jáde ni Ọláníyan ní, "Tó o bá yọ ọ́, o ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ kó tó gbé ọ lọ."

Mo gbé e lọ. Mo ní ìwé mi ló wò kọ. Alága ní kí n ka oríkì náà sétí wọn. Mo dìde, mo ń pe òkú ilé onílé, ẹkún sì gbọ̀n mí. Ẹkún gidi ni, Ọlọ́run ń gbọ́. Wọ́n ní kí Àyànfẹ́ náà kì í. Ó mi orí.

"Ẹ má bínú, sà. Nílé wa, a kì í fi wọ́n jiyàn. Tí mo bá pè wọ́n síbi ìjà, kí ni mo fẹ́ kí wọ́n wá ṣe?"

Wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n ni. Wọ́n lé e kúrò ní yunifásítì. Mo gbọ́ ohun tó sọ dáadáa, ó yé mi ju gbogbo wọn lọ, mo sì wolẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí yunifásítì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo gun ọ̀kadà lọ sí Inísà, níbi tí Àyànfẹ́ ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ó ń máàkì ìwé lọ, kò gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ọ̀rọ̀ yín kọjá èmi. Ìyá wà l'Ókukù."

Mo bá tún gun òmíràn lọ sí Òkukù. Ojú Ìyá Ọmọ́jọlá, ìyá àgbà Àyànfẹ́, ti fọ́, ó ń fọwọ́ bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò ó látòkèdélẹ̀. Kò bú mi. Ó ní, "Mo gbọ́. Tá a bá fẹ́ dárí ji èèyàn níbí, a máa ń kì í, káwọn tó bí i gbọ́, káwọn tó bí wa náà gbọ́, ọ̀rọ̀ á tán. Kí ni wọ́n ń ki ilé ìyá rẹ?"

Mo la ẹnu. Ọmọ a-ṣílẹ̀kùn-sílẹ̀ nìkan ló wá sí mi lẹ́nu.

"Ìyẹn tiwa ni," ó ní. "Lọ wá tìẹ wá."

Láàárọ̀ yìí mo sáré dé Èkó-Èǹdé. Bàbá Àkànjí, ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú àwọn àbúrò ìyá mi, ni mo bi léèrè oríkì wa. "Gbádébọ̀, àtìgbà tá a ti di onígbàgbọ́ la ti pa á tì. Ìyá rẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé o ò bi í ni?" Mi ò bi í. Ewì Jámánì ni mò ń kà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ má lọ kó ti ilé onílé bíi tèmi.

Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ níta. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹnì kan nínú yín bá mọ ohun tí wọ́n ń ki agboolé Akínyẹlé, ilé ìyá mi, l'Ékòó-Èǹdé, bó ṣe ìlà kan péré, mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró dè mí. Ẹ gbé e lọ fún ìyá yẹn l'Ókukù, kó fi pè mí, bóyá mo jí lọ́la o, bóyá mi ò jí.