Ìgbín Oníhòòhò Tó Ń Pọ́n

Ẹ má sọ pé kí n jókòó. Bí mo bá jókòó, màá tún gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, dókítà sì ti ní ọkàn mi ò ní gbé mi pẹ́ mọ́. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Òpùrọ́ ni mí.

Ẹ mọ ìgbín inú òkun tí kò ní ìkarahun, èyí tí à ń pè ní ìgbín oníhòòhò. Funfun wà, pupa wà. Èmi ni mo sọ fáyé pé ẹ̀yà méjì ni wọ́n, ìyẹn ló sọ mí dèèyàn ńlá. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, tí a jọ máa ń wọ omi, ló wá sọ fún mi pé funfun kan tóun ń ṣọ́ ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ látìgbà tó ti ń jẹ kànrìnkànrìn òkun tó pupa, ẹ̀dá rírọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta lábẹ́ omi. Ó ní ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, oúnjẹ ló ń pa àwọ̀ wọn dà. Mo bi í bóyá ẹni tó bá ń jẹ tòmátì náà á pọ́n. Mo fi í ṣẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ sì rèé mo ti yọ́ lọ wò ó, òótọ́ ló sọ.

Ó bẹ ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ìwádìí òkun pé kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Wọ́n gbà. Oorun bá dá lójú mi. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹnikẹ́ni kì í dá wọ omi, ẹnìkejì gbọ́dọ̀ máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, èmi nìkan gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn. Olè ni mí, kí ni mo fẹ́ fi ẹlẹ́rìí ṣe? Mo fi ọ̀bẹ ha kànrìnkànrìn yẹn kúrò lára àpáta. Ìgbín náà ń rọra wọ́ lórí ọwọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ pa.

Nígbà tí ọ̀gá débẹ̀, àpáta lásán ni wọ́n bá. Wọ́n bi mí léèrè. Mo wo àbúrò mi lójú, mo ní, "Ọ̀gá, mi ò rí i rí. Ọmọ yìí ń wá orúkọ ni." Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá wa gbọ́, wọ́n ní àwọn ò bí òpùrọ́, wọn ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mò ń jẹun nínú ilé yẹn, mi ò la ẹnu mi. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Mo sá fún ẹ̀sín, mo wá pa orúkọ ọmọ ìyá mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ohun tí ẹ rí lábẹ́ omi bá tako ohun tí ẹ ti sọ lókè, ẹ tètè jẹ́ kójú tì yín.

Mo jẹ́wọ́ fún àbúrò mi láàárọ̀ yìí. Kò sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "mo rí ibi tí ọ̀bẹ yín ti ha àpáta lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn ń retí pé ẹ máa sọ ọ́ kí Màmá tó kú ni."

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ti Màmá, mi ò mọ ẹni tó máa bá mi bẹ̀ wọ́n.