Ọwọ́ Kì Í Kọjá Ọ̀já

Kí n ní kí ni? Ẹ tún un sọ, Bàbá Morẹ́nikẹ́, bóyá etí mi ló dí. Kí èmi Àyìnkẹ́ dúró lọ́la níwájú ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn àgbà Àrámọkọ, kí n la ẹnu mi yìí, kí n ní mo wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí Lásúnkànmí àbúrò yín ń wọ́ Fọláṣadé lẹ́sẹ̀? Pé èmi gan-an ni mo gbé àwo òrí dání? Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbórí sókè. Ẹ máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀yìn yín ò tí ì rọ̀, èmi náà ò sì tí ì sọ̀rọ̀ tán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni!

Màmá Morẹ́nikẹ́, ẹ bá mi gbé àwo òrí yẹn lé etí àpáàdì, ẹ jẹ́ kí ẹyín iná yọ́ ọ, ọyẹ́ ti ń mú un dì. Ẹ má gbé e jáde o. Ibi tí ẹ jókòó sí yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti yọ́ ọ. Ṣé ẹ rí i? Ọkọ yín ni mò ń wọ́ lẹ́yìn yìí, ọkọ mi àgbà ni, ó tó bàbá bí mi, síbẹ̀ ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀yin ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, òun tìkára rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ọ̀já mọ́ ìbàdí. Ta ló fi tipátipá mú mi ṣe é? Kò sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn!

Ìyá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ní Ìkìrun, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọrùn ẹsẹ̀ tó yẹ̀ padà sáàyè rẹ̀, ọ̀já ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó ní ẹni tí nǹkan ń dùn ni yóò so ó fúnra rẹ̀ sí ìpẹ̀kun ibi tó fẹ́ kí wọ́n wọ́, ibi tó bá sì so ó sí, ọwọ́ ẹni tó ń wọ́ra kì í kọjá rẹ̀. Bí ìrora bá ti gba òkè ọ̀já kọjá ńkọ́? O ó sọ fún un, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tú u, òun náà ni yóò tún un so. Ìwọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kókó rẹ̀ láéláé, ìbáà jẹ́ aya ọba, ìbáà jẹ́ arúgbó tí kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́.

Lásúnkànmí ò mọ̀ ni? Ó mọ̀ ọ́n o! Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ fà á lọ́wọ́ wá bá mi, ẹ ní ó ka ìwé mẹ́fà jáde kò ríṣẹ́ ìjọba, kó má baà máa rìn kiri. Mo ní kò burú, ọkọ mi ni, Adúmáadán mi ni mò ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé yín. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ. Mo jẹ́ kó máa wọ́ àwọn tó já bọ́ lórí igi obì, mo jẹ́ kó máa wọ́ àwọn dẹ́rẹ́bà lẹ́yìn, mo jẹ́ kó máa tọ́jú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo wá ní, Adúmáadán, obìnrin kankan ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ níwájú rẹ bí èmi ò bá sí nílé. Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́? Màmá Morẹ́nikẹ́, ẹ̀yin wà níbẹ̀, ẹ dá mi lóhùn! Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n. Ẹ gbọ́ nǹkan tí ìyàwó yín sọ.

Mo ní mi ò sí nílé, Bàbá Morẹ́nikẹ́! Ìjerò ni mo wà! Gbogbo ayé ló rí mi lọ́jà Ìjerò lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, òrí ni mo lọ rà. Ibo lẹ fẹ́ kí n fi gbogbo àwọn tó kí mi lọ́nà sí? Ṣé kí n pa ojú wọn dé ni?

Ọmọ ọlọ́mọ, tíṣà tí kò tí ì pé ọdún kan tó dé ìlú yìí, kẹ̀kẹ́ gbé e ṣubú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ẹ̀rìjìyàn, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó wú, Dorcas tí wọ́n jọ ń ṣe tíṣà ló fi èjìká gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Kí ló yẹ kí Lásúnkànmí sọ? Kó ní ìyàwó mi ò sí nílé, ẹ fi omi tútù sí i títí yóò fi dé. Ó tán! Ṣé ó nira ni? Ó ní kí wọ́n wọlé. Fọláṣadé so ọ̀já rẹ̀ sábẹ́ orúnkún, Dorcas gbé àwo òrí dání, títí dé ibẹ̀ náà ẹ lè ní kò burú. Ló bá di pé òrí ti dì. Ló bá ní kí Dorcas lọ yọ́ ọ wá nílé ìdáná lẹ́yìnkùlé.

Ta ló gbé àpáàdì kúrò nínú yàrá? Ẹ bá mi bi í! Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni àpáàdì kì í ti í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní yẹn, torí kí ẹni tó gbé òrí dání má baà ní ìdí láti jáde náà ni mo ṣe gbé e síbẹ̀. Nígbà tí mo ti Ìjerò dé, ẹ̀yìn ògiri ni mo bá a, eérú inú rẹ̀ ṣì gbóná. Àpáàdì lẹ́sẹ̀ ni? Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde? Ẹ̀yin tí ẹ ní èṣù ló ti Lásúnkànmí ṣe é, ṣé èṣù náà ló kọ́kọ́ gbé àpáàdì?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, ẹ má ní kí n dákẹ́! Màmá Morẹ́nikẹ́ kì í ṣe ọmọdé. Dorcas ní nígbà tí òun fi máa padà, ilẹ̀kùn ti tì, Lásúnkànmí ti fi àpótí há a nínú. Ó ní òun gbọ́ ohùn Fọláṣadé tó ń sọ pé, “Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.” Ẹ gbọ́ bí ọmọ ṣe ń bẹ̀bẹ̀! Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, kí lọwọ́ Lásúnkànmí lọ ṣe láyà rẹ̀? Nígbà tí Dorcas fi èjìká ti ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀já ti wà nílẹ̀. Ṣé Fọláṣadé ló tú u? Wọ́n bi Lásúnkànmí, ó ní iṣan ni òun ń tọ̀ lọ. Iṣan! Iṣan wo ló ti ọrùn ẹsẹ̀ gba abẹ́ búláòsì? Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń wọ́ra, mi ò tí ì pàdé iṣan yẹn rí, wọlai!

Ẹ ní kò pariwo. Mo ti mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ò lè fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, tí ilẹ̀kùn tì mọ́, tí ẹni tó sá wá bá fún ìwòsàn ló wá di ẹni tó ń bá a jà, irú ariwo wo lẹ fẹ́ kó pa? Ó sọ̀rọ̀, kò tó ni? Wọ́n ní ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló lọ fi ata sẹ́nu, ẹ wá ń bi ẹni tí ojú ń ta léèrè ìdí tí kò fi kígbe!

Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ibí yìí ló dì jọ. Ó dùn yín? Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dun èmi náà.

Àlejò ni wá, mo gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá burú, àwọn ará Àrámọkọ lè ní kí gbogbo wa máa kó ẹrù wa padà sí Ìkìrun, mo gbọ́ ìyẹn náà. Bàbá Mùínàt ọkọ mi gbọ́ ọ, ló fi ń wo ẹnu yín, tí kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló jẹ́ ká rí ilé gbé níbí, àwa tí a ò ní ilẹ̀, tí a ò ní kòkó? Ọwọ́ ni! Ọwọ́ mi yìí! Àwọn obìnrin ìlú yìí ń tú aṣọ níwájú èmi tí mo ti ìlú mìíràn wá, wọ́n ń gbé oyún wọn lé mi lọ́wọ́, torí wọ́n mọ̀ pé ohun tí ọwọ́ mi bá bá lára wọn, ẹnu mi ò ní sọ ọ́ lójú odò, ibi tí wọ́n bá sì ní kí ọwọ́ dúró, yóò dúró. Láti ọjọ́ Ẹtì, ẹ lọ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ta ló jókòó síbẹ̀? Ìyàwó Ẹ̀yínadé rí mi lọ́nà, ó yà gba ẹ̀yìn ilé Ògúntóyè kó má baà kí mi. Ìyá Fọláṣadé ti Ẹ̀fọ̀n dé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, mo gbé àga fún un, ó ní òun ò ní wọ ulé yìí láéláé. Ẹ ò bá jẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì!

Mo lọ síbi tí ọmọ yẹn ń gbé, mi ò sọ fún yín. Wọ́n ò tí ì rí ẹni bá a tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Ó jẹ́ kí n wọlé. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó so ọ̀já mẹ́ta. Ọ̀kan sábẹ́ orúnkún, ọ̀kan sí itan, ọ̀kan yí gbogbo àyà ká. Nígbà tí mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ péré, gbogbo ara rẹ̀ ló gbọ̀n, ó wá ń bẹ èmi pé kí n má bínú, pé kì í ṣe èmi ni òun ń bẹ̀rù. Èmi tó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́! Mo wọ́ ẹsẹ̀ náà tán, mo jáde, mo jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Inú ń bí mi, Bàbá Morẹ́nikẹ́. Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ẹ wá ní kí n lọ purọ́ lé e lórí. Bí mo bá ní mo wà níbẹ̀, ta ni yóò di elékèé? Fọláṣadé. Wọn ó yọ ọ́ níṣẹ́, wọn ó ní ó fẹ́ ba ọmọkùnrin lórúkọ jẹ́. Lásúnkànmí yóò wá padà sínú yàrá yẹn, yóò tún máa ti ilẹ̀kùn, èmi ni yóò sì jẹ́rìí rẹ̀! Mi ò ní ṣe é. Ẹ lé mi jáde bí ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí Bàbá Mùínàt fẹ́ ìyàwó mìíràn, mi ò ní ṣe é!

Kí lẹ ń kùn? Pé ọmọkùnrin ni, pé ọwọ́ lásán ni, kò sí ohun tó bàjẹ́? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Oyún Morẹ́nikẹ́ ti wọ oṣù keje, ẹ sì ti ránṣẹ́ pè é láti Ìlọ́gbò kí n lè máa wọ́ ọ lẹ́yìn. Bó bá dé, èmi ò ní fọwọ́ kàn án. Lásúnkànmí ni kó wọ́ ọ. Màmá Morẹ́nikẹ́ á lọ yọ́ òrí lẹ́yìnkùlé, Lásúnkànmí á ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ lásán ṣáà ni. Bí ẹ bá gbà, lọ́la náà ni mo máa sọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́, mo máa fi Kùránì búra sí i. Ẹ gbà?

Mo ní ṣé ẹ gbà?

Màmá Morẹ́nikẹ́, ẹ má bá wọn dáhùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn sọ ọ́.

Kí lẹ wí? Ẹnu yín wà nínú ẹní, mi ò gbọ́. Ẹ gbé ojú sókè, ẹ sọ ọ́ kó ta wá létí.

Ẹ ní ká má rí i? Pé ẹ máa gé ọwọ́ rẹ̀?

Ó ṣeun, ọkọ mi àgbà. Fọláṣadé náà ní bàbá. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́la níwájú wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yẹn náà ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.