Mo Ní Bàbá Ló Gbàgbé Àwọ̀n

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń gbàdúrà lórí fóònù láràárọ̀, ẹ má tíì dá orin. Èmi Mobáyọ̀ ló kàn láti darí wa lónìí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gba àdúrà kankan títí n ó fi sọ ohun tí mo ṣe. Kì í ṣe pé mò ń kú lọ. Ó rẹ̀ mí ni. Irọ́ kan tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà òtútù tó kọjá ló rẹ̀ mí.

Ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé láràárọ̀ Sátidé, láti ibi iṣẹ́ ni mo ti máa ń lọ sí inú igbó kan lẹ́yìn ìlú Bowie, lókè òkun níbí. Níbẹ̀ la ti ń fi àwọ̀n tín-ín-rín mú àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń sá fún òtútù, a ó fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀, a ó sì tú wọn sílẹ̀, kí àwọn onímọ̀ lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Bàbá Moshood, aládùúgbò mi ní Lanham, ló mú mi débẹ̀. Ará Ìbàdàn ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n á rọra di ẹyẹ mú, wọ́n á máa bá a ṣẹ̀fẹ̀: "Ìwọ yìí, o ò ní visa, o ò ní passport, o ṣáà ń fò kiri." Ẹ̀fẹ̀ wọn ni mò ń tìtorí rẹ̀ lọ.

Òfin ibẹ̀ ò gba àwáwí: ẹni tó bá ṣí àwọ̀n gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́, torí ẹyẹ tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ lásìkò òtútù, kíkú ló máa kú. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òpin November ni, òjò wẹ́wẹ́ ń sẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀bá odò ni tèmi. Mo ṣí i, mo wá sáré wọ inú ọkọ̀ kí n lè darí àdúrà wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ yín ni mo wá. Mo tan híítà, mo ní kí Olúwa máa ṣọ́ wa, ẹ ṣe àmín, mo sì sùn lọ fọnfọn. Èmi tí wọ́n ní kí n ṣọ́ àwọ̀n! Nígbà tí mo jí, òjò ti pa àwọn ẹyẹ tó há sínú àwọ̀n, ara wọn ti le. Mo gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kò mira.

Felicia, ọ̀gá wa nínú igbó náà, bá mi níbẹ̀, ó béèrè ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n náà. Mo ní, "Bàbá Moshood ni. Wọ́n ní kí n lọ sinmi, pé àwọn á bá mi wò ó. Bóyá wọ́n lọ kírun." Ó pe Bàbá. Wọ́n yíjú sí mi: "Èmi kẹ̀? Mo ti kírun nílé kí n tó jáde, jàre." Ibí yìí ló burú jù. Mo ṣì lè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n ohùn tí mo fi ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ ni mo fi dá wọn lóhùn, jẹ́jẹ́: "Bàbá, ẹ ti gbàgbé ni. Ẹ sọ ọ́ fún mi, sir." Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n họ orí. "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Ah. Ó lè jẹ́ o. Ẹ má bínú."

Felicia ní kí wọ́n máa sinmi nílé. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá wá kọ́kọ́rọ́ tì báyìí, wọ́n á ní orí àwọn ti ń dàrú. Moshood ọmọ wọn gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ló fẹ́ mú wọn lọ sí ilé àwọn arúgbó, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé èmi ni mo kọ́kọ́ fura. Mo gba ọpẹ́ náà. Ṣé ẹ rí irú èèyàn tí mo jẹ́?

Lánàá, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo jẹ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí. "Mobáyọ̀, o ṣeun. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tu èèyàn nínú." Mo búra. Wọ́n ní, "Má búra, ọmọ mi. Mo rántí dáadáa pé mo gbàgbé." Mo pe Moshood, òun náà ní àánú bàbá òun ló ń ṣe mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní ìwàásù fún yín. Ẹ ṣáà wò mí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì mí tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ká mi lára. Ẹ bá mi pe Bàbá Moshood lónìí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún wọn pé orí wọn pé. Èmi ti sọ ọ́, wọn ò gbà á lẹ́nu mi.